Nígbà Tí Ilé Ẹnìkejì Bá Ń La Ògiri Wa

Kí ẹ tó wá lọ́yà, ẹ wá pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù tó mú, rúlà ọmọ iléèwé, ìwé eksasáìsì kan, àti fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa. Bí ẹ bá ti rí i tí tírọ́ọ̀kù ń já yanrìn sórí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tàbí tí àwọn sọ́fíyọ̀ ń na okùn káàkiri ibẹ̀, iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ògiri là kó tó máa wá ẹ̀rí kiri, ẹjọ́ rẹ̀ ti ń tiro kó tó kúrò nílé.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ní Mushin, ẹni tó ra ẹ̀yìnkùlé wa wó bọ́ńgálò tó bá níbẹ̀, ó fẹ́ fi alájà mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ sún mọ́ fẹ́ńsì wa débi pé bí ẹ bá dúró létí fẹ́ńsì, ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí àwọn bíríkìlà ń sọ nísàlẹ̀ kòtò. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ògiri pálọ̀ fi là láti igun fèrèsé wá sílẹ̀, aláǹgbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ wọlé. Òwe ni wọ́n ń fi í pa fún àwọn ẹlòmíì. Tiwa, aláǹgbá gidi ni, ó ń mirí lórí tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá mi lọ bá ọkùnrin náà. Èsì tó gbà ni pé, “Baba, ẹ má bínú o, ilé yín ló ti gbó. Ìlà yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó ra ibí.” Kí lẹ fẹ́ fi dá a lóhùn? Ògiri kò lẹ́nu. Àbúrò mi obìnrin ló kó wa yọ: ó rántí fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ tí a yà ní pálọ̀ yẹn ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Gbogbo wa tò síwájú ògiri, ìyá mi wé gèlè gàgàrà, ògiri sì wà lẹ́yìn gèlè náà ní gbọọrọ, kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Ọkùnrin náà wo fọ́tò náà títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní òun á rán bíríkìlà wá.

Bí wọ́n bá ti gbẹ́lẹ̀ kí ẹ tó ka ìwé yìí, ẹ lọ tú àwọn fọ́tò ìkómọ, ọjọ́ ìbí àti ìgbéyàwó yín. Ẹ má wo ojú ènìyàn níbẹ̀, ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ wò.

Kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀

Ẹni tí àyè ṣì gbà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún lọ, láti yàrá sí yàrá. Ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ya ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àjà àti ilẹ̀. Ẹ ya fọ́tò kan láti ọ̀ọ́kán kí ènìyàn lè mọ ibi tó jẹ́ nínú ilé, kí ẹ wá ya òmíràn nítòsí pẹ̀lú rúlà. Ìlà tó ti wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi í pamọ́. Ẹ yà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá jẹ́wọ́ ìlà mẹ́ta àtijọ́ ni wọ́n máa ń gbà gbọ́ nígbà tó bá ní ìkẹrin jẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé ìta: fẹ́ńsì, gọ́tà, sókàwéè, kànga, páànù òrùlé, ilẹ̀ tí wọ́n rẹ́ ní àgbàlá.

Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí déètì wà lórí rẹ̀. Kí fóònù tí ẹ fi yà á sì wà lọ́wọ́ yín. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní apá 84, ní ohun tó fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀rọ tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti jáde kí kóòtù tó gbà á, lọ́yà yín á sì béèrè fóònù náà. Ẹ má tà á ní Computer Village kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ kí onílé tuntun náà. Ẹ kí i bí a ṣe ń kí ẹni tó ń kọ́lé: ẹ kú iṣẹ́ ilé, ilé á tura, ẹ ó gbé e pẹ́. Nínú ìkíni yẹn náà lẹ ó ti gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ti ẹnjiníà rẹ̀, tí ẹ ó sì pè é pé kí òun tàbí fọ́máànù rẹ̀ wá bá yín rìn yíká ilé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbà, kó buwọ́ lu ìwé eksasáìsì yín pé òun rí ohun tí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ èyí, torí ó ń gba òun náà sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tó fẹ́ dọ́gbọ́n fi owó onílé tuntun tún ògiri àtijọ́ ṣe. Irú àwọn yẹn náà wà, ká má tan ara wa.

Ohun tó ń la ògiri

Ilẹ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ yín kò dá dúró. Ilẹ̀ tó yí i ká ló há a mọ́. Bí ẹnìkejì bá gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tó há a mọ́ ti lọ nìyẹn. Ìṣirò kan wà tí kò gba pé kí ènìyàn jẹ́ ẹnjiníà. Ẹ wá bí ìpìlẹ̀ tiyín ṣe jìn tó, ẹ wá bí kòtò tirẹ̀ ṣe jìn tó, ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Àyè tó wà láàrin kòtò náà àti ògiri yín kò gbọ́dọ̀ kéré sí iye tó ṣẹ́ kù. Ká ní tiyín jẹ́ mítà kan, tirẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: méjì ló ṣẹ́ kù. Bí kòtò náà bá wá wà ní mítà kan àbọ̀ sí ògiri yín, ó ti sún mọ́ jù, àfi bí wọ́n bá fi irin tàbí pákó tó nípọn ti ẹ̀gbẹ́ kòtò náà kó má baà ya. Bó bá jẹ́ yanrìn tó rin omi ni, kí àyè náà tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Lẹ́kí, Ajah àti gbogbo ìlà ọ̀sà yẹn, omi ló ń dá wàhálà sílẹ̀ ju kòtò lọ. Wọn kì í tíì gbẹ́ jìnnà tí omi á fi yọ. Wọ́n á gbé pọ́ǹpù wá, wọ́n á máa fà á tọ̀sán tòru, ẹ̀yin á sì máa bínú sí ariwo ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ ariwo kọ́ ni ọ̀ràn. Omi abẹ́ ilé yín náà ń bá ti wọn lọ, nígbà míì yanrìn wẹ́wẹ́ a máa bá omi lọ, ilé á sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Ẹ lọ wo ẹnu páìpù tó ń tu omi náà sí gọ́tà. Bí omi bá mọ́, ẹ lè mí díẹ̀. Bí ó bá rí bí omi ẹ̀kọ, tí yanrìn ń jọ sí ìsàlẹ̀ gọ́tà, ilẹ̀ abẹ́ ilé yín lẹ lè máa wò yẹn. Ẹ bu ú sínú ìgò, ẹ lẹ déètì mọ́ ọn lára, ẹ fi pamọ́.

Òkìtì yanrìn tí wọ́n dà ti fẹ́ńsì yín náà kò kéré. Kúbíìkì mítà kan yanrìn gbígbẹ wúwo tó tọ́ọ̀nù kan àbọ̀; bí òjò bá rọ̀ sí i, ó tún lé. Fẹ́ńsì bulọ́ọ̀kù tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa, a kọ́ ọ láti fi dáàbò bo ojú ni, a kò kọ́ ọ láti fi ẹ̀gbẹ́ gbẹ́rù. Ẹ ní kí wọ́n sún un kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n dà á, ẹ má dúró de ìgbà tí fẹ́ńsì bá yọ ikùn.

Àwọn tó kù kò ṣòroó mọ̀. Níbi tí àpáta wà, bí Abẹ́òkúta, ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta ló ń ṣe é. Pákó àti bulọ́ọ̀kù máa ń já bọ́ láti òkè sórí páànù. Ìdọ̀tí ilé kíkọ́ máa ń dí gọ́tà, omi òjò á wá wá ọ̀nà gba yàrá yín.

Ìlà tó ṣeé wò, àti èyí tó ní ká jáde

Bí ẹ bá ti rí ìlà tuntun, ẹ fi pẹ́ńsù fa àmì kékeré sí ibi tó parí sí lókè àti nísàlẹ̀, ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà lára ògiri. Ẹ fa àgbélébùú kékeré méjì, ọ̀kan lápá òsì ìlà náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ẹ wọn àárín wọn. Ní gbogbo Sátidé, ẹ tún un wọ̀n, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ìlà náà bá kọjá àmì tó wà lókè, ẹ fa àmì mìíràn pẹ̀lú déètì mìíràn. Ẹni tó bá ní gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ lè fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kó kọjá lórí ìlà náà. Bí gíláàsì bá sán, ilé ṣì ń rìn.

Ní ti bó ṣe fẹ̀ tó, òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì ń lò tó rọrùn láti rántí. Ìlà tí kò tó mìlímítà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Títí dé mìlímítà 5, ó ṣì ṣeé dí. Láti 5 sí 15, ilẹ̀kùn àti fèrèsé á bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó ti kọjá iṣẹ́ bíríkìlà nìkan. Bó bá ti ju 15 lọ, ẹ wá ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, fọwọ́ sí, kó wá wò ó lójú ara rẹ̀. Ìlà tó ń gòkè bí àtẹ̀gùn ní oríkèé bulọ́ọ̀kù láti igun fèrèsé sábà máa ń jẹ́ ti ìpìlẹ̀ tó ń rì.

Òṣùwọ̀n yìí wà fún ògiri bulọ́ọ̀kù o. Bí ìlà bá wà lára òpó, lára bíìmù tàbí lábẹ́ dẹ́kìn, ẹ má wá rúlà rárá, ẹnjiníà ni kí ẹ pè. Bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí lánàá bá kọ̀ láti ṣí lónìí, tí táìlì ń ta sókè fúnra rẹ̀, tí ẹ gbọ́ ìró bí ìgbà tí igi ń ṣẹ́, tàbí tí ilẹ̀ àgbàlá ya kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri, ẹ kó àwọn ọmọ jáde kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ní Èkó, nọ́ńbà tí a ń pè ni 767 tàbí 112. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí iléèwé yẹ kó ti wà nínú báàgì kan lẹ́nu ọ̀nà ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Lẹ́tà sí aládùúgbò

Ọ̀rọ̀ ẹnu á kọ́kọ́ ṣáájú, kí lẹ́tà tẹ̀ lé e láàrin ọjọ́ méjì. Ẹ má bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jà. Ẹni tí wọ́n gbà ní owó ojúmọ́ kò ní nǹkan kan láti fún yín. Ẹ kọ ọ́ sí onílé, kí ẹ fún kọngílá ní ẹ̀dà kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí kọngílá nìkan, á ní iṣẹ́ ẹnjiníà ni, ẹnjiníà á ní onílé ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn. Àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ògiri yín máa wó sí. Onílé náà kò lè fi kọngílá bojú. Láti ọdún 1876, nínú ẹjọ́ Bower v Peate, ni kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ẹni tó ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹlòmíì, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí i pé ilé yẹn kò bàjẹ́, ẹni yòówù kó bá a gbẹ́ ẹ. Òfin tí àwa náà jogún nìyẹn.

Ohùn lẹ́tà náà lè rí báyìí:

“Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú ìnáwó. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, ọjọ́ kẹta tí ẹ̀rọ ìwalẹ̀ yín dé, a rí ìlà mẹ́ta tuntun ní pálọ̀ wa àti ìlà kan lára fẹ́ńsì. Èyí tó fẹ̀ jù jẹ́ mìlímítà 4 lọ́jọ́ náà. Lónìí ó ti di 6. Fọ́tò tí fọ́máànù yín buwọ́ lù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ti òní, wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá gbígbẹ́ ẹ̀gbẹ́ tiwa dúró kí ẹnjiníà yín lè wá wò ó kó tó di ọjọ́ Ẹtì. A fẹ́ rí ìwé àṣẹ ìkọ́lé yín àti ìwé ìbánigbófò iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ba àárín wa jẹ́, lágbára Ọlọ́run.”

Ẹ kíyè sí i pé kò sí èébú níbẹ̀, kò sí iye owó. Bí ẹ bá tètè dá iye, ẹ ti fi òpin sí ohun tí ẹ kò tíì mọ bó ṣe máa tóbi tó. Kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ sì jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní ẹ̀dà kan. Bí ó bá jẹ́ ayálégbé ni yín, ẹ sọ fún onílé yín lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹrù yín tó bàjẹ́, tiyín ni ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Bí kò bá dáhùn

Ní Èkó, LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ló ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. LASBCA yìí ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ó lágbára láti dá iṣẹ́ dúró, ó sì lè ti ibẹ̀ pa. Ẹ kọ àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé dáadáa, ẹ fi fọ́tò sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ọ́fíìsì ètò ìlú tó sún mọ́ yín ni. Lẹ́yìn tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú aláròyé wo ara rẹ̀ nítorí pé ó kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí agbára wọn mọ: wọ́n lè dá iṣẹ́ dúró, wọn kì í bá yín gba owó ògiri.

Fún owó, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ìlàjà. Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n á pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó, bí ọ̀rọ̀ bá sì wọ̀, wọ́n á kọ àdéhùn sílẹ̀. Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó. Ìgbà tí ẹnì kan bá fi jàǹdùkú dẹ́rù bà yín, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ wó fẹ́ńsì yín, ni kí ẹ lọ síbẹ̀.

Kóòtù ẹjọ́ kékeré tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2018 kì í gbọ́ ẹjọ́ owó tó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ó sì yá ju kóòtù ńlá. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀: owó tí iye rẹ̀ ti dájú nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n wo ògiri òun kí wọ́n wá díye lé e, wọ́n á ní kó gba ibòmíràn. Nítorí náà, bí aládùúgbò bá ní òun á san 800,000 náírà, ẹ má fi ẹnu gbà á. Kó kọ ọ́, kó buwọ́ lù ú, kó kọ ọjọ́ tó máa san án. Ọjọ́ tó bá yẹ̀ é ni ọ̀rọ̀ ògiri di gbèsè, kóòtù kékeré sì lè gbọ́ ti gbèsè.

Ẹ tún béèrè ìbánigbófò. Òfin Ìbánigbófò ti ọdún 2003, ní apá 64, ti sọ pé ẹni tó bá ń kọ́ ilé tó ju alájà méjì lọ gbọ́dọ̀ ní ìbánigbófò fún ohun tí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́ lára ènìyàn àti dúkìá àwọn ará ìta, òfin tó rọ́pò rẹ̀ ní 2025 kò sì mú un kúrò. Ọ̀pọ̀ kò ní in. Ẹni tó ní in, inú rẹ̀ á dùn pé kì í ṣe àpò òun nìkan ni owó á ti jáde. Ẹni tí kò ní in, ìbéèrè yẹn nìkan a máa mú kó wá ìpàdé.

Ẹjọ́ irú èyí ní ọdún mẹ́fà ní Èkó kí ó tó kú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìjọba ló ń gbẹ́ gọ́tà tàbí ọ̀nà náà, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè ké e sí oṣù mẹ́ta péré. Ẹ lọ bá lọ́yà lọ́sẹ̀ tí ẹ rí ìlà náà.

Àwọn tiwa tó wà ní Peckham tàbí Woolwich rí ojú rere jù wá lọ. Party Wall Act ti ọdún 1996 ti sọ ìṣirò kòtò tí a ṣe lókè di òfin ní England àti Wales: ẹni tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ jìn ju ìpìlẹ̀ yín lọ láàrin mítà 3 sí ilé yín gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ní oṣù kan ṣáájú, kòtò tó jìn gan-an sì lè kàn yín láàrin mítà 6. Ẹ má ju ìwé náà sí àpótí ìdọ̀tí bí ìpolówó pizza. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i láàrin ọjọ́ 14, sọ́fíyọ̀ ló kàn, onílé tó ń kọ́lé ló sì sábà máa ń san owó rẹ̀. Sọ́fíyọ̀ yẹn ló ń ya ilé yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí a ní kí ẹ fi fóònù ṣe níbí.

Títún un ṣe

Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà aládùúgbò sáré wá rẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ tó là. Ilé tó ṣì ń rìn á tún un là, ẹ̀rí yín á sì ti wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì. Ẹ máa wọ̀n ọ́n títí iṣẹ́ ìpìlẹ̀ tirẹ̀ á fi parí, tí wọ́n á fi kún kòtò padà, tí ìwé eksasáìsì yín á sì fi máa sọ nọ́ńbà kan náà fún oṣù mélòó kan. Ẹ má buwọ́ lu ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí kí ìgbà náà tó dé, bó ti wù kí owó tó gbé wá pọ̀ tó. Kí ìdíyelé wá láti ọ̀dọ̀ ènìyàn méjì tí wọn kò mọ ara wọn, kí owó tápólì, owó ilé tí ẹ sá lọ, owó ẹnjiníà, gbogbo rẹ̀ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì. Owó sìmẹ́ńtì kì í dúró sójú kan, nítorí náà ó sàn kí àdéhùn sọ pé yóò tún un ṣe padà bó ṣe wà, ju kó ka owó kan sílẹ̀ tí kò ní tó mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní Mushin, a dúró kọjá òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kí a tó rẹ́ ògiri pálọ̀ náà. Ọlọ́dà kun gbogbo rẹ̀, àfi ibì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, níbi tí bàbá mi fi pẹ́ńsù kọ déètì mẹ́fà sí lórí ara wọn. Ọmọkùnrin náà ti ri búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà nígbà tí bàbá ní kó fo ibẹ̀.